Ohùn Tí Mo Fi Fẹ́ Ìyàwó fún Ẹ̀gbọ́n Mi

Èmi Àkàngbé, tí mi ò tíì kọjá Ṣágámù rí láyé mi, èmi ni mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, tí mo fi pákò sẹ́nu, tí mo na ahọ́n mi sọdá òkun, tí mo sì dá ìjà sílẹ̀ láàárín ìjọba Amẹ́ríkà àti ọmọ-ìlú tiwọn fúnra wọn. Mi ò yìnbọn. Mi ò sọ òkò. Ẹnu lásán ni mo yà, ilé-ẹjọ́ kan ní Houston sì dìde dúró. Mo mọ̀ pé ẹ ó ní irọ́ ni. Ẹ ò jẹ̀bi. Ṣebí èmi náà ni mo sọ fún yín pé àkùkọ wa máa ń kọ lédè Gẹ̀ẹ́sì, tí mo tún ní lọ́dún tí òjò ńlá yẹn rọ̀, ẹja àrọ̀ kan wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Tejúoṣó, ó ń ná ṣòkòtò, ó ní kí n bá òun gé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú. Gbogbo ìyẹn, irọ́ ni. Èyí kì í ṣe irọ́. Ó ti wú sí mi níkùn bí ẹ̀wà tí a rẹ sómi, bí mi ò bá sì dà á síta, yóò bẹ́ mi níkùn.

Ẹ fojú fo ìkọ̀wé mi. Mi ò lè jókòó kọ ọ́. Mo kọ díẹ̀, mo dìde, mo lọ yọjú lójú fèrèsé, mo padà wá kọ díẹ̀ sí i. Ibi tí mo wà, mi ò ní í sọ. Ẹni tó bá gbóòórùn ẹja yíyan lára ìwé yìí, kó pa ẹnu mọ́, kó má lọ fi Mákòókò hàn fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó ni mò ń bá sọ̀rọ̀, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ dẹ́kun kíkí Motọ́lání nítorí ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu mi jáde.

Ọmọ méjì ni ìyá wa bí. Morákinyọ̀ ni àkọ́bí, èmi ni mo tẹ̀ lé e. Morákinyọ̀ kàwé títí ìwé fi bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún un. Ní tèmi, èmi àti ilé-ẹ̀kọ́ pínyà ní fọ́ọ̀mù kẹta, tọkàntọkàn, kò sí ẹni tó sunkún nínú àwa méjèèjì. Òun lọ sí Houston, èmi lọ sí Tejúoṣó lọ máa ta òkíríkà. Ohun kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún mi tí kò fún ẹ̀gbọ́n mi ni ọ̀fun. Ohùn ẹni tí mo bá ti gbọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó di tèmi nìyẹn. Mo ti fi ohùn lándílọ́ọ̀dù wa jí lándílọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ lójú oorun, ó dáhùn pé "sà". Ohùn Morákinyọ̀ sì rọrùn ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ó máa ń wúkọ́ díẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀, bí ẹni tó ń tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ọ̀rọ̀, ó sì máa ń fa ìparí ọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń fi okùn fa ọkọ̀ tó kú.

Ìgbà tí kíndìnrín ìyá wa bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège, ohun kan ṣoṣo ló ní òun fẹ́ fojú rí: ìyàwó Morákinyọ̀. Kò bèèrè ìyàwó tèmi. Ẹ má dá mi lóhùn. Ẹni tó sì ti fojú sí lára ni Motọ́lání, ọmọ Màmá Margaret ní Yaba, tíṣà ọmọ tíṣà. Ìjọ Áńgílíkà kan náà ni ìyá wa àti Màmá Margaret ń lọ, inú kúáyà kan náà sì ni Morákinyọ̀ àti Motọ́lání ti kọrin kó tó rìnrìn àjò. Ìyá wa pe Morákinyọ̀ lórí fóònù. Ó wúkọ́, ó ní, "Màámi, ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ mi kọ́kọ́ rinlẹ̀ níbí ná. Ọ̀rọ̀ ìyàwó kò tíì yá." Ojú ìyá wa rọ bí ewé tí oòrùn pa. Mo gba fóònù lọ́wọ́ wọn, mo jáde sí kọ́rídọ̀, mo padà wọlé, mo ní, "Màámi, ó ti gbà. Ojú ló ń tì í láti sọ fún yín."

Irọ́ kékeré ni. Kò tó hóró ẹ̀wà kan. Ṣùgbọ́n hóró náà ni wọ́n ń gbìn.

Ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe ń ṣe é nílẹ̀ wa. Bí ọkọ bá wà lókè òkun, ìyẹn kò ní kí ìdána má wáyé. A ó gbé fọ́tò rẹ̀ sórí àga, àbúrò rẹ̀ ó jókòó tì í, òun ni yóò dọ̀bálẹ̀, òun ni yóò gba àdúrà, ìyàwó ó sì dé fìlà fún fọ́tò. Kò sí ẹni tó ń tan ẹnikẹ́ni, gbogbo ilé ló mọ̀ pé arọ́pò ni. Pálọ̀ Màmá Margaret ní Yaba la ti ṣe tiwa. A ò pọ̀. Wọ́n gbé ìyá wa wá, wọ́n fi ìrọ̀rí tì í lẹ́yìn. Jeffrey, ọ̀rẹ́ mi tó máa ń ya fídíò, ló ń fi kámẹ́rà tẹ̀ lé wa kiri. Mo dé fìlà àtijọ́ Morákinyọ̀, mo dọ̀bálẹ̀ títí imú mi fi kọ orúkọ sórí táìsì ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ ń lọ bí omi. Àfi bí àbúrò bàbá Motọ́lání ṣe gbé ọwọ́ sókè.

"A rí ìyá ọkọ," ni bàbá náà wí. "A rí àbúrò, a rí fọ́tò. Ṣùgbọ́n fọ́tò kì í sọ̀rọ̀. Ẹ pè é fún wa lórí fóònù, ká gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ pé òun ló rán yín."

Gbogbo pálọ̀ ní òótọ́ ni. Ìyá wa náà ní òótọ́ ni, ó ń wò mí, ojú rẹ̀ ń dán. Bí mo bá jẹ́ ènìyàn, ibẹ̀ ló yẹ kí n ti tún dọ̀bálẹ̀, kí n sì sọ òótọ́. Mo ní, "Kò sí wàhálà, ẹ̀yin àgbà. Nẹ́tíwọ̀kì inú ilé yìí ni kò dáa. Ẹ jẹ́ kí n jáde lọ pè é, kó lè pe fóònù Jeffrey." Jeffrey tẹ̀ lé mi dé ẹnu ọ̀nà. Ó ti mọ̀ mí tipẹ́. Ó rọra sọ sí mi létí pé, "Àkàngbé, èyí kì í ṣe eré o. Ìyàwó ni wọ́n ń fẹ́ níbí." Mo ní, "Kí ló ń bà ẹ́ lẹ́rù? Lọ́la la máa sọ fún Morákinyọ̀, á rẹ́rìn-ín títí á fi da kọfí sára. Ìwọ ṣáà tẹ sípíkà."

Mo gba ẹ̀yìnkùlé bọ́ sẹ́yìn táǹkì omi. Mo fi síìmù kejì pe fóònù Jeffrey. Mo wúkọ́ díẹ̀. "Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin àgbà. Èmi Morákinyọ̀ ni. Èmi ni mo rán ìyá mi àti àbúrò mi sí yín. Mo fẹ́ Motọ́lání. Mo gbà á ní ìyàwó mi." Láti ẹ̀yìn táǹkì yẹn, mo gbọ́ tí pálọ̀ hó yèè. Mo gbọ́ ẹ̀rín ìyá wa. Ó ti pẹ́ tí mi ò ti gbọ́ ẹ̀rín náà, mo rò pé àìsàn ti jẹ ẹ́ tán. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ Motọ́lání, ẹnu rẹ̀ sún mọ́ fóònù, ó ní, "Ẹ ṣé tí ẹ rántí mi."

Bí ẹ bá wo fídíò yẹn, ẹ ó rí i pé ilé ń mì níbi tí ohùn ti ń jáde. Ilẹ̀ kọ́ ló mì. Ọwọ́ Jeffrey ni.

Láti ọjọ́ náà ni Motọ́lání ti ń pè mí ní Bùọ̀dá. Ó fi ọdún mẹ́ta jù mí lọ o. Ṣùgbọ́n ìyàwó ilé ni, èmi sì ti wà nílé kó tó wọlé, bí àṣà ṣe ní kó ṣe ló ṣe. "Bùọ̀dá Àkàngbé, ẹ káàárọ̀." Á kúnlẹ̀ díẹ̀. Gbogbo ìgbà tó bá kúnlẹ̀, ó dà bíi pé kí ilẹ̀ gbé mi mì, àmọ́ ilẹ̀ Èkó kò ráyè ẹni tó ń parọ́. Bó bá ti ti ilé-ẹ̀kọ́ dé, á wá sí Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, á po ẹ̀kọ mímu fún ìyá wa, á fi ṣíbí bù ú fún un díẹ̀díẹ̀. Ìyá wa kú ní wọ́ọ́rọ́wọ́, ó kú bí ẹni tó ti rí gbogbo ohun tó fẹ́ rí.

Mi ò sunkún. Èmi aláriwo, ojú mi gbẹ bí pánla. Àwọn èèyàn ń wò mí. Ọjọ́ kejì ni Motọ́lání wá bá mi, ó ní, "Bùọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n bá ọkọ mi sọ̀rọ̀. Òun nìkan ló wà níbẹ̀ yẹn." Mo ní yóò pè é. Mo lọ ti ara mi mọ́ inú ṣọ́ọ̀bù mi, láàárín àwọn ẹrù òkíríkà, mo pè é. Mo wúkọ́. Mo ní, "Motọ́lání." Bó ṣe di pé ẹkún gbé mi nìyẹn. Ohùn ẹ̀gbọ́n mi ni mo fi sunkún ìyá mi. Mo sun ún títí ọrùn fi ń dùn mí. Ohun tó sì sọ fún mi lọ́jọ́ náà, Jeffrey kò gbọ́ ọ, kò sí nínú fídíò kankan, mi ò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ ó gbọ́ ọ níwájú.

Mi ò pè é mọ́. Mo ní Morákinyọ̀ ti pààrọ̀ nọ́ńbà. Mo ní iṣẹ́ pọ̀ níbẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀rọ̀ àwọn ọkọ òkè òkun ṣe máa ń rí, kò sí ẹni tó bi mí léèrè lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó yá, ìròyìn dé pé Morákinyọ̀ ti fẹ́ obìnrin kan tó ń jẹ́ Salome níbẹ̀. Motọ́lání gbọ́, ó pa ìwé ọmọléèwé tó ń máàkì dé, ó wọ yàrá lọ. Morákinyọ̀ bí ọmọ méjì, ó búra fún àsíá wọn, ó di ọmọ-ìlú. Lára ohun tí wọ́n bi í kó tó búra ni pé ìyàwó mélòó ló ti fẹ́ rí. Ó ní ọ̀kan. Òótọ́ ló sọ, òótọ́ tó mọ̀. Àmọ́ ní Yaba, ọkùnrin tó bá yọjú sí Motọ́lání, wọ́n á ní ìyàwó ilé àwọn Morákinyọ̀ ni, ẹnikẹ́ni kò tíì wá tú u sílẹ̀. Ìgbà tó pẹ́ tó pẹ́ ni Dayọ̀, ẹni tó ń tẹ dùùrù ní ìjọ wọn, ní òun á wá bá ìdílé wa sọ̀rọ̀, ká tú u sílẹ̀ fún òun. Inú mi dùn. Mo rò pé irọ́ náà máa kú ikú ara rẹ̀ nìyẹn.

Ìgbà náà ni ọkùnrin oníbàtà dídán kan wá bá mi lórí bẹ́ǹṣì. Yorùbá ni, ó rọra ń sọ̀rọ̀. Ó kí mi kí mi, ó ní òun gbọ́ pé ẹ̀gbọ́n mi ń ṣe dáadáa ní Amẹ́ríkà, ṣé ó ti láya. Mo wo bàtà yẹn. Mo wo àwọn ará àdúgbò tó jókòó yí wa ká. Èèmọ̀ ẹnu mi bá dé. Mo ní, "Aya kẹ̀? Ẹ̀gbọ́n mi? Ìyàwó tó wà ní Amẹ́ríkà yẹn, kékeré ni. Ìyálé wà ní Yaba níbí. Èmi ni mo fẹ́ ẹ fún un, gbogbo Yaba ló dúró, adìẹ pàápàá dọ̀bálẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ò gbà. Ẹ gbọ́, ó ní òun ò gbà. Lójú ayé mi, ọjọ́ kan ṣoṣo tí mo sọ ohun tó fara jọ òótọ́, wọ́n ní àwọn ò gbà. Mo yọ fóònù, mo fi fídíò hàn án. Ó ní ó wu òun kí òun fi han ìyàwó òun nílé. Ọwọ́ ara mi yìí ni mo fi fi ránṣẹ́ sí i. Mo tún bèèrè bóyá ó dé.

Ó dé. Ó dé Houston, àṣé ìjọba wọn ló rán oníbàtà dídán yẹn. Wọ́n ń tún fáìlì àtijọ́ àwọn tó ti di ọmọ-ìlú yẹ̀ wò níbẹ̀, ti Morákinyọ̀ sì bọ́ sí i. Kò pẹ́ tí ìwé ìpẹ̀jọ́ fi kan ilẹ̀kùn rẹ̀: ìjọba fẹ́ kí adájọ́ gba jíjẹ́ ọmọ-ìlú lọ́wọ́ rẹ̀. Morákinyọ̀ gba lọ́yà níbẹ̀, lọ́yà yẹn sì gba Lọ́yà Fúnlọ́lá ní Yaba níbí láti wá ẹlẹ́rìí. Obìnrin yìí pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀, ó là á yé mi bí ẹni tó ń kọ́ ọmọ ọwọ́ ní ẹ̀kọ jíjẹ.

"Ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀, ọmọ onílé ni," ó ní. "Ẹni tó ti ìta wá tó búra, òun náà ti di ọmọ onílé. Kò sí ọ̀gá kan tó lè dédé jí láàárọ̀ kó ní kó jáde. Dandan ni kí wọ́n pè é lẹ́jọ́, kí wọ́n sì fi ẹ̀rí tó mọ́ kedere han adájọ́ pé ó parọ́ nígbà tó ń búra, tàbí pé kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i rárá. Bí wọ́n bá wá fi hàn, adájọ́ á pa á rẹ́, á dà bíi pé kò búra rí. Kò sì sí pé ó ti pẹ́ jù. Ogún ọdún, ọgbọ̀n ọdún, wọ́n lè pè é."

Mo ní, "Àǹtí Lọ́yà, nítorí fídíò ìdána lásán?"

"Nípasẹ̀ Salome ló fi rí ìwé ìgbélùú gbà. Bó bá ti ní ìyàwó nílé nígbà yẹn, ti Salome kò dúró. Bí ti Salome ò bá dúró, ìwé ìgbélùú ò dúró. Ìbúra orí rẹ̀ náà á wó. Ó ń sọ pé òun ò mọ̀ nípa ìdána kankan. Mo lè fi ìyẹn jà. Arọ́pò kì í ṣe ọkọ. Àmọ́ ohùn rẹ̀ wà níbẹ̀, Bùọ̀dá Àkàngbé. Ó ní 'mo gbà á'. Kí ni mo fẹ́ fi bo ohùn mọ́lẹ̀?"

Mo ní kí n lọ ro ó wò. Mo sáré sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni tí ajá ń lé.

Ní àṣálẹ́ ọjọ́ náà ni Morákinyọ̀ pè mí. Ohùn rẹ̀ ti há. "Àkàngbé, ta ló sọ̀rọ̀ lórí fóònù yẹn? Ta ló fún wọn ní fídíò?" Ìbéèrè méjì ni. Èmi kan náà ni ìdáhùn méjèèjì. Ẹ wá gbọ́ ibi tí mo burú dé. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò mọ ẹni tó sọ̀rọ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n ti fídíò, Motọ́lání ni. Obìnrin tí wọ́n fi sílẹ̀, ẹ mọ bí owú ṣe máa ń rí." Ó gégùn-ún fún Motọ́lání. Ẹ̀gbọ́n mi tí kì í bú èèyàn.

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí etí kan, kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti dé ẹgbẹ̀rún etí. Ìbátan wa kan lọ bá Motọ́lání ní ẹnu géètì ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó bú u níwájú àwọn ọmọ tó ń kọ́. Ẹ̀yin ará àdúgbò ní abanijẹ́ ni, pé ó fi ìlara ba ayé ọlọ́mọ méjì jẹ́. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn tó máa ń bá a jókòó lórí àga kan náà sún lọ sórí òmíràn. Dayọ̀ onídùùrù sì ránṣẹ́ sí Màmá Margaret pé òun ò ní lè wá mọ́, pé obìnrin tó lè ṣe báyìí sí ọkọ àárọ̀, ó lè ṣe é fún ti alẹ́. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mò ń ta ṣẹ́ẹ̀tì. Mò ń pariwo, "Gbé e, ọba ló wọ̀ ọ́ kẹ́yìn," àwọn oníbàárà ń rẹ́rìn-ín.

Motọ́lání fúnra rẹ̀ wá bá mi ní Tejúoṣó. Ó dúró láàárín àwọn ẹrù yẹn. Àní lọ́jọ́ náà, ó kúnlẹ̀ díẹ̀. "Bùọ̀dá Àkàngbé, ẹ kú ọjà. Lọ́yà ẹ̀gbọ́n yín pè mí. Ó ní kí n wá sọ ohun tí mo mọ̀. Mo máa lọ."

"Kí lẹ máa sọ, ìyàwó wa?"

"Òótọ́. Pé mo gbọ́ ohùn rẹ̀, pé ó ní òun fẹ́ mi. Mi ò ní fi kún un, mi ò ní yọ níbẹ̀."

"Ìyẹn máa pa á o. Ṣé ẹ ò lè ní ẹ ò rántí mọ́ ni?"

Ó wò mí. "Ohun tó sọ fún mi láyé mi kò ju gbólóhùn díẹ̀ lọ. Ṣé èyí tí mo máa gbàgbé nìyẹn?" Ó fọwọ́ tún ṣòkòtò kan tó fẹ́ já bọ́ ṣe lórí ẹrù mi, bí ẹni tó wà nílé ara rẹ̀. "Wọ́n ní èmi ni mo fi fídíò ránṣẹ́. Ṣé ẹ̀yin náà gbà bẹ́ẹ̀?"

Mo ní, "Ayé ló ń sọ ọ́." Mo yíjú sí oníbàárà kan tí kò sí níbẹ̀.

Láti ìgbà náà ni mi ò ti lè jókòó. Bí mo bá dùbúlẹ̀, ẹsẹ̀ mi á máa rìn. Obìnrin tí mi ò jẹ́ kó ní ọkọ fẹ́ lọ fi òótọ́ inú rẹ̀ pa ọkùnrin tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Irọ́ mi ni òótọ́ tó mọ̀. Bó bá ti la ẹnu, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè fi gbà á padà, nítorí gbogbo ayé mọ̀ pé Motọ́lání kì í parọ́.

Ọjọ́ pé. Òkè ilé kan ní Yaba ni ọ́fíìsì Lọ́yà Fúnlọ́lá wà. Motọ́lání jókòó, Màmá Margaret jókòó tì í pẹ̀lú agboòrùn lórí itan, èmi dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Morákinyọ̀ wà lójú kọ̀ǹpútà láti Houston, irun rẹ̀ ti funfun ní ẹ̀gbẹ́ kan. Kò wo Motọ́lání. Motọ́lání náà kò wò ó. Lọ́yà tan ohun tó fi ń gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀, ó ní, "Ẹ sọ ohun tí ẹ mọ̀ nípa ohùn orí fóònù yẹn, Mà."

Motọ́lání ní, "Mo gbọ́ ọ. Ohùn..."

Mo ní, "Ohùn mi ni."

Kò sí ẹni tó yíjú. Lọ́yà ní, "Bùọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ibí kì í ṣe ibi àwàdà." Mo ní kì í ṣe àwàdà. Mo sọ ti táǹkì omi, mo sọ ti síìmù kejì, mo sọ ti Jeffrey. Mo sọ ti oníbàtà dídán. Mo ní Motọ́lání kò fún ẹnikẹ́ni ní fídíò, èmi ni. Mo dúró de ààrá. Morákinyọ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó rọra sọ ọ́, ó ní, "Àkàngbé, o ṣé. Mo mọ̀ pé ò ń wá bí wàá ṣe yọ mí. Àmọ́ má parọ́ fún kóòtù nítorí mi." Ẹ gbà mí. Ẹ̀gbọ́n mi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo wúkọ́, mo fi ohùn rẹ̀ sọ ọ́ níwájú rẹ̀: "Mo fẹ́ Motọ́lání. Mo gbà á ní ìyàwó mi." Màmá Margaret fọwọ́ bo ẹnu. Ṣùgbọ́n Lọ́yà mi orí. "Ẹni tó bá wo fídíò náà lẹ́ẹ̀mẹwàá lè sín in jẹ. Ohun tí wọ́n máa sọ níbẹ̀ nìyẹn."

Ìgbà náà ni Motọ́lání dìde. Ojú mi ló ń wò. "Ìgbà tí ìyá yín kú, ọkọ mi pè mí. Ó sunkún. Mo sọ ohun kan fún un. Kí ni mo sọ?"

Lójú kọ̀ǹpútà, Morákinyọ̀ ní, "Èmi ò pè ẹ́ rí."

Ohùn ara mi ni mo fi dáhùn. Ó kéré ju bí mo ṣe rò lọ. "O ní kí n fi omi tútù bọ́jú. O ní Màámi mu ẹ̀kọ tó o pò kó tó sùn, pé ó mu ún tán, pé ó ní kó o bá òun fi èyí tó kù nínú ìkòkò pamọ́ fún Àkàngbé, nítorí kì í tètè jẹun." Mo tún ní, "Mo lọ wo inú ìkòkò náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó wà níbẹ̀."

Ó jókòó. Nígbà tó sọ̀rọ̀, kò pè mí ní Bùọ̀dá. Ó ní, "Ìwọ." Lẹ́yìn náà ló ní, "Ìwọ ni mo rẹ̀ lẹ́kún lọ́jọ́ náà." Ó bẹ̀rẹ̀, ó fara balẹ̀ tú ìdè bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀, ó bọ́ ọ, bí tíṣà tó fẹ́ pa nǹkan rẹ́ lára bọ́ọ̀dù.

Mi ò dúró wo ìyókù. Mo fò. Mo ti dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn nígbà tí Lọ́yà ké látòkè pé, "Ẹ ò tíì fọwọ́ sí i o. Bí ẹ ò bá fọwọ́ sí i, ẹnu lásán ni." Ẹsẹ̀ mi kan ti wà lójú títì. Kò sí ẹni tó dì mí mú. Ẹnu lásán ni mo ti fi gbé gbogbo ayé mi. Ẹ̀yin ọmọdé tí ẹ máa ń tẹ̀ lé mi kiri Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, tí ẹ ń ní kí n fi ohùn pásítọ̀ bú yín, ẹ gbọ́: ohùn ẹni tí ẹ bá yá, ẹ̀yin kọ́ lẹ máa san án.

Mo yí padà. Mo gun àtẹ̀gùn yẹn bí ẹni tó ń gun igi ọ̀pẹ láìní igbà. Motọ́lání dúró sẹ́nu ọ̀nà, bàtà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo gba abẹ́ apá rẹ̀ kọjá, bàtà náà bà mí lẹ́yìn ọrùn. Mo gba gègé lọ́wọ́ Lọ́yà, mo kọ orúkọ mi, Àkàngbé, ó wọ́ bí ọ̀nà Mùṣín. Bàtà kejì bà mí lórí. Èyí, mi ò yẹ̀ ẹ́. Lójú kọ̀ǹpútà, ẹ̀gbọ́n mi ti fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n, mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni àbí ẹkún. Adájọ́ wọn kò tíì dájọ́ títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Màmá Margaret ti wá gbé agboòrùn dìde, obìnrin yẹn kì í fi agboòrùn ṣeré.

Mo sá. Sálúbàtà mi kan ṣẹ́kù sórí àtẹ̀gùn, mi ò wẹ̀yìn. Ìgbà tí mo dé òdìkejì títì ni mo tó gbójú sókè, mo rí Motọ́lání lójú fèrèsé, mo ké sí i níwájú gbogbo Yaba pé, "Motọ́lání, dárí jì mí." Ohùn ara mi ni mo fi ké e. Ó bèèrè nǹkan kan lókè níbẹ̀, àbí ó dáhùn ni, mi ò mọ̀. Mo ti gbé ẹsẹ̀.